Awọ Ìjókòó Ọkọ̀ Tó Dẹ̀: Bí A Ṣe Ń Dá A Padà Láì Gé E

Bó pẹ́ bó yá, awọ ìjókòó ọkọ̀ asáré àtijọ́ á dẹ̀. Ojú ìlà tó jìn wọnú tẹ́lẹ̀ á gbéra sókè, àárín ibi tí awakọ̀ ń jókòó lé á hunjọ, etí awọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde lábẹ́ ìjókòó. Mercedes-Benz SL tí wọ́n ṣe láàárín 1971 sí 1989 kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. BMW onílẹ̀kùn méjì, Toyota Celica àti Honda Prelude tó wọlé ní tòkunbọ̀ náà kò bọ́ níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ojú ọjọ́ máa ń dá kún ọ̀ràn náà. Ọkọ̀ tó gbé àlejò wá wo ère òkúta ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, tó sì wà nínú oòrùn láti àárọ̀ di ọ̀sán, inú rẹ̀ lè gbóná kọjá 50°C. Ooru bẹ́ẹ̀ ń mú kí gọ́ọ̀mù rọ̀, kí ó sì máa jọ̀wọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fa omi ara awọ, awọ á le. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀rinrin á wọ fóòmù. Ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Ìlọrin, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán ń fojú rí gbogbo èyí lọ́dọọdún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rò ni pé awọ ti fẹ̀, pé kí wọ́n gé e kù, kí wọ́n tún un rán. Lọ́pọ̀ ìgbà, awọ kò fẹ̀ rárá. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ti lọ: fóòmù ti rún, gọ́ọ̀mù ti jọ̀wọ́, tàbí òrùka wáyà tó so awọ mọ́lẹ̀ ti já. Ẹni tó bá gé awọ kí ó tó wo abẹ́ rẹ̀, bí fóòmù tuntun bá wọlé tán, awọ kò ní tó mọ́. Ìpìlẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ tún ṣe. Awọ àtijọ́ á sì padà sí àyè rẹ̀.

Ohun èlò tí ẹ máa nílò

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ kí ẹ tó tú bóòtì kan ṣoṣo. Ìjókòó tó wà ní títú fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé gọ́ọ̀mù tán, ibẹ̀ ni bóòtì ti ń sọnù.

- Sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá bóòtì ọkọ̀ yín mu. Àwọn ọkọ̀ Yúróòpù kan ń lo bóòtì tí orí rẹ̀ dà bí ìràwọ̀, ẹ má fi sípánà lásán fipá tú u.
- Píláyà méjì: ọ̀kan fún gígé wáyà, ọ̀kan fún títẹ òrùka wáyà tuntun.
- Òrùka wáyà tuntun, èyí tí àwọn tó ń ṣe àga ń lò. Ẹ ra ju iye tí ẹ rò lọ.
- Gọ́ọ̀mù inú agolo tí àwọn oníbàtà àti àwọn tó ń ṣe àga ń lò, irú èyí tí wọ́n ń fi pa ojú méjèèjì kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀.
- Búrọ́ọ̀ṣì kékeré, àti búrọ́ọ̀ṣì líle fún gbígbọn èérún fóòmù.
- Fóòmù líle tó ki, àti fóòmù pẹlẹbẹ tó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí sẹ̀ǹtímítà kan.
- Òwú pọlísítà tó nípọn, abẹ́rẹ́ tó tẹ̀, àti òlu tí àwọn oníbàtà fi ń lu awọ.
- Àlùmọ́gàjí mímú, abẹ tuntun, ṣọ́ọ̀kì àti téèpù ìwọ̀n.
- Igi pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ dán, fún títẹ awọ wọ ojú ìlà.
- Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun.
- Ọṣẹ tí kò le, kànrìnkàn, aṣọ òwú funfun, àti ìpara tí wọ́n ṣe fún awọ ọkọ̀.
- Ìbọ̀wọ́, ìbòmú, àti gíláàsì tó ń dáàbò bo ojú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ tún ṣe

Gbogbo ohun tó ń dán kọ́ ni awọ. Mercedes lo ohun kan tí wọ́n ń pè ní MB-Tex fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ike ni, ṣùgbọ́n ó jọ awọ débi pé ọ̀pọ̀ tó ni ọkọ̀ náà kò mọ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó, níbi tí wọ́n ti gé e. Bí ẹ bá rí irun wẹ́wẹ́ tó rọ̀ bí òwú, awọ màlúù ni. Bí ẹ bá rí aṣọ híhun tí wọ́n fi ike bò lójú, kì í ṣe awọ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ooru àti tíńnà tí awọ lè gbà díẹ̀ lè ba ike jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Awọ ìjókòó ọkọ̀ sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 1.0 sí 1.4. Awọ ewúrẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́ àti Kánò fi ń ṣe tìmùtìmù àti àpò dára, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ jù fún ibi tí ènìyàn ń jókòó lé lójoojúmọ́. Ẹ má fi lẹ ojú ìjókòó ọkọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìdí tí awọ fi dẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín ìjókòó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá tètè gbéra padà, tàbí tí ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́, fóòmù ti kú. Ẹ wo ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ìjókòó: èérún pupa rúsúrúsú tó dà bí gààrí tó jóná níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ẹ fi ìka méjì mú awọ lójú ìlà tó yẹ kó jìn, kí ẹ rọra fà á. Bí ó bá gbéra, gọ́ọ̀mù tàbí wáyà ló jọ̀wọ́. Ẹ fi iná fóònù wo abẹ́ ìjókòó, bóyá òrùka kan ti já tó ń fì. Bí ó bá jẹ́ ojú ìránṣọ ló ya, ẹ máa rí ihò òwú àtijọ́ tó là sílẹ̀.

Ẹ tẹ awọ náà kọ́ díẹ̀. Bí ó bá sán tàbí tó ń ya bíi bébà gbígbẹ, iṣẹ́ yìí kò lè gbà á là. Awọ tuntun ló kù fún un.

Ìgbésẹ̀ kìíní: yíyọ ìjókòó

Bí ìjókòó bá ń lo iná láti sún síwájú sẹ́yìn, ẹ sún un kí ẹ tó yọ bátìrì. Ẹ sún un síwájú, kí ẹ tú bóòtì ẹ̀yìn. Ẹ sún un sẹ́yìn, kí ẹ tú bóòtì iwájú díẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ wá yọ wáyà bátìrì tó jẹ́ ti òdì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ bátìrì lè rí i pé ìjókòó ti bo bóòtì mọ́lẹ̀, kò sì ní iná tó máa sún un.

Ní ibi yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù lọ. Ọkọ̀ àtijọ́ tó bá ṣáájú ọdún 1990 lè má ní àpò afẹ́fẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Volvo ti fi àpò afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ọkọ̀ 850 ní 1994, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti tẹ̀ lé e. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ìjókòó bóyá wọ́n kọ AIRBAG tàbí SRS síbẹ̀. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ibi ìsopọ̀ wáyà kan jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Bí ẹ bá rí ọ̀kankan nínú wọn, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán tàbí iye tí ìwé ọkọ̀ bá sọ, kí iná tó kù nínú ẹ̀rọ náà tó kú tán. Ẹ má fi iná dán wáyà ìyeyè wò. Ẹ má tan kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ìjókòó bá wà níta. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ pe réwáyà tó mọ iṣẹ́ náà kí ó yọ ọ́ fún yín.

Ìjókòó ọkọ̀ wúwo, irin abẹ́ rẹ̀ sì mú. Ènìyàn méjì ni kí ó gbé e jáde, kí wọ́n fi aṣọ bo ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn kí irin má baà ha ọ̀dà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣíṣí awọ

Ẹ gbé ìjókòó sórí tábìlì tí ẹ tẹ́ aṣọ sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí òrùka kọ̀ọ̀kan wà. Fóòmù tuntun kò ní rántí ibi tí wọ́n ti so awọ mọ́ ọn, àwòrán yín ló máa rántí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí ìsàlẹ̀. Ẹ gé òrùka pẹ̀lú píláyà, ẹ má fa awọ kí òrùka fi já, nítorí ibi ihò náà ni awọ á ti ya. Ẹ wọ gíláàsì ojú, nítorí òrùka tí a gé máa ń fò. Ẹ ká awọ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀, títí ẹ ó fi dé ojú ìlà àkọ́kọ́. Nínú ojú ìlà yìí, ẹ máa bá ọ̀kan nínú ohun méjì: yálà aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wáyà gùn wọnú rẹ̀, tí òrùka sì so ó mọ́ wáyà inú fóòmù, tàbí gọ́ọ̀mù nìkan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é ni ẹ máa dá a padà.

Bí ìbàjẹ́ náà bá wà ní etí kan ṣoṣo, ẹ má ṣí gbogbo rẹ̀. Ẹ dé ibi tó bàjẹ́, kí ẹ dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: mímú ojú méjèèjì mọ́

Ẹ gbọn èérún fóòmù kúrò lẹ́yìn awọ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì líle, níta gbangba, pẹ̀lú ìbòmú. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó ti gbẹ, ẹ fi ìka yí i títí yóò fi ṣù, ẹ ó sì rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ á bọ́. Gọ́ọ̀mù tuntun tí a fi lé èérún kò lẹ̀ mọ́ awọ. Èérún ló lẹ̀ mọ́, èérún á sì já.

Ẹ má fi pẹtiróólù fọ ọ́. Pẹtiróólù ń wọ awọ lọ sí ojú òkè, ó ń bó àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń gbiná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fóòmù

Ẹ gé ibi tó ti rún kúrò títí ẹ ó fi kan ibi tó ṣì ń gbéra. Ẹ gé fóòmù líle tó bá àyè náà mu, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi abẹ tẹ́ ojú rẹ̀ dọ́gba. Fóòmù rírọ̀ inú tìmùtìmù pálọ̀ kò tó: ìwúwo ènìyàn á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ láàárín oṣù díẹ̀, awọ á sì tún dẹ̀. Nígbà tí ẹ bá lọ ra fóòmù, yálà Vitafoam ni o tàbí Mouka, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá le díẹ̀ tó sì gbéra ní kíá ni ẹ fẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sórí gbogbo ojú ìjókòó náà. Èyí ni ohun tó ń dá awọ tó jọ pé ó ti fẹ̀ padà. Ẹ ju awọ sí i lórí láì so ó, kí ẹ wò ó. Bí awọ bá kún dáadáa tí ìránṣọ rẹ̀ sì bọ́ sójú ìlà fóòmù, ó tó. Bí ẹ bá ní láti fa awọ pẹ̀lú agbára kí ó tó dé etí irin, fóòmù ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù.

Nínú Volkswagen Beetle àti àwọn ọkọ̀ Jámánì àtijọ́ mìíràn, ẹ lè bá irun ẹṣin tàbí èèpo àgbọn tí wọ́n fi rọ́bà lẹ̀ pọ̀ dípò fóòmù. Ẹ má jù ú nù bí ó bá ṣì le. Ẹ tún ojú rẹ̀ ṣe, kí ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ lé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gọ́ọ̀mù

Ẹ ṣiṣẹ́ níta tàbí níbi tí fèrèsé ṣí sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú gọ́ọ̀mù yìí ń mú kí òòyì kọ́ni, ó sì ń gbiná wìì. Kí sìgá, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìdáná àti èéfín ẹ̀fọn jìnnà síbẹ̀. Kí àwọn ọmọdé náà jìnnà.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù dán ibi kékeré kan wò lẹ́yìn awọ, níbi tí ojú kò rí, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ wò ó bóyá ó hàn sí òkè. Bí kò bá hàn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ẹ̀yìn awọ àti sí ojú fóòmù, ojú méjèèjì. Ẹ dúró. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án: bí ó bá ṣì ń fà bí ọ̀gbọ̀lọ̀ ilá, kò tíì tó. Bí ó bá kan ìka tí kò sì tẹ̀ lé e, àsìkò ti tó. Ní ọyẹ́, èyí kì í pẹ́. Ní àsìkò òjò, ó ń pẹ́, ojú gọ́ọ̀mù sì lè funfun nítorí ọ̀rinrin. Bí ó bá funfun, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ tán, kí ẹ tún òmíràn pa.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín ojú ìlà, kí ẹ máa lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi etí igi tẹ awọ wọlé, kí ẹ rọra rìn ín títí dé òpin. Gọ́ọ̀mù yìí ń dì ní kété tí ojú méjèèjì bá kanra, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n kanra kí ọwọ́ yín tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ kó àpò iyanrìn kéékèèké lé ojú ìlà náà di ọjọ́ kejì.

Ibi tí ilé iṣẹ́ kò ti lẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má lẹ̀ ẹ́. Awọ ní láti yọ̀ díẹ̀ lórí fóòmù nígbà tí ènìyàn bá jókòó. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù pa gbogbo ojú ìjókòó, ojú ìránṣọ ni ìwúwo á máa fà, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ ya.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: síso àti rírán

Ẹ so òrùka tuntun láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́: iwájú, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ọ̀tún àti òsì. Bí ẹ bá parí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì, ìránṣọ á wọ́. Ẹ yí ẹnu òrùka sí ìsàlẹ̀, kí ó má baà gún fóòmù, awọ àti aṣọ ẹni tó jókòó.

Ojú ìránṣọ tó ya, ẹ fi abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ rán an gba inú ihò àtijọ́. Ẹ má fi òlu lu ihò tuntun sáàárín wọn, nítorí awọ tí ihò rẹ̀ pọ̀ lójú kan kò ní lè gbé ara rẹ̀. Òwú lásán tí a fi ń rán aṣọ ń jẹrà nínú òógùn, pọlísítà ni kí ẹ lò.

Ojú ìránṣọ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó tó ní àpò afẹ́fẹ́ yàtọ̀. Wọ́n dìídì rán an kí ó lè ya ní ìṣẹ́jú àáyá tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, kí àpò náà lè jáde. Bí ẹ bá fi òwú líle rán an, ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àpò náà. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìgbésẹ̀ keje: ìhunjọ tó kù

Bí ìlà díẹ̀ bá ṣẹ́ kù lójú awọ, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ooru sí i láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ máa fi ọwọ́ kejì ra ibẹ̀. Ọwọ́ yín ni òṣùwọ̀n: bí ọwọ́ kò bá gbà á, awọ náà kò gbà á. Ẹ má lo ooru lórí awọ tó tutù. Awọ tó tutù máa ń súnkì nínú ooru tí awọ gbígbẹ lè gbà, bí ó bá sì ti súnkì tó le, kò ní padà mọ́. Ìlà kéékèèké tó wá láti ogbó, ẹ fi í sílẹ̀. Ó bá ọkọ̀ àtijọ́ mu.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: dídá ìjókòó padà

Ẹ fi ọwọ́ wé gbogbo bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé kí ẹ tó fi sípánà le ọ̀kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ le wọn tó bí ìwé ọkọ̀ ṣe sọ. Ẹ so gbogbo wáyà, kí ẹ wá so bátìrì kẹ́yìn. Ẹ jókòó, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kí ẹ gbìyànjú láti mi ìjókòó síwájú sẹ́yìn. Ìdè irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ de bẹ́líìtì, kí ẹ fà á dáadáa. Bí iná àpò afẹ́fẹ́ bá tàn tí kò kú, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ síbi tó jìnnà kí réwáyà tó wò ó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Kíkó àkísà sábẹ́ awọ kí ó lè kún. Ó ń kún fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà á ṣù síbì kan, á sì máa ti awọ láti inú.

Fífi òrí tàbí òróró ẹ̀pà ra awọ. Òrí dára fún ara ènìyàn, ṣùgbọ́n lórí ìjókòó ọkọ̀ ó ń yọ́ nínú ooru, ó ń gba eruku, ó sì ń wọ ojú ìránṣọ lọ ba gọ́ọ̀mù jẹ́. Pólíìṣì bàtà náà máa ń yí mọ́ aṣọ funfun ẹni tó bá jókòó.

Sísá ìjókòó sí oòrùn kí gọ́ọ̀mù tètè gbẹ. Awọ á gbẹ ju gọ́ọ̀mù lọ.

Jíjó irin ìjókòó láì yọ fóòmù. Bí irin abẹ́ bá sán, ẹ yọ awọ àti fóòmù kúrò pátápátá kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Fóòmù tó gbiná ń jó kíákíá, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé tó lè pa ènìyàn.

Ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ máa fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu eruku pupa kúrò lójú awọ kí ẹ tó fi ìpara kàn án, nítorí eruku tí a fi ìpara bò ń ha awọ. Ẹ fi ìpara awọ ra á kí ọyẹ́ tó wọlé, àti lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó bá parí. Ẹ wá ibòji fún ọkọ̀, tàbí kí ẹ fi nǹkan bo gíláàsì iwájú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti ń wa ọkọ̀ náà, ẹ tún fi sípánà yẹ bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, kí ẹ sì fi iná wo abẹ́ ìjókòó bóyá òrùka kan ti yọ. Òrùka kan tó yọ, ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà yín láti dá a padà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ìlà náà á tún gbéra, ẹ ó sì tún gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe.